Ọmọ Tó Kí Mi Káàbọ̀ Láàárín Ìjà

Ẹ má kí mi o. Ẹni tó bá fẹ́ ka ohun tí mo kọ síhìn-ín, kó kọ́kọ́ ti ìkíni rẹ̀ bọ àpò, nítorí orí ìkíni gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi dá lé. Èmi Àmúsà Ọláoyè, tí ẹ̀yin ará Ìkọ̀tún àti Ẹgbẹ́dá mọ̀ sí Rẹfirí, tí àwọn aláìlẹ́kọ̀ọ́ inú yín ń pè ní Mo-Ṣì-Dúró, èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Abidjan ni mo wà lọ́dọ̀ Súmbọ̀ ọmọ mi, ní Treichville, níbi tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ sí. Dókítà ti sọ pé ọkàn mi ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, pé kò sí oògùn tó lè dá a padà sí bó ṣe wà. Súmbọ̀ ń sunkún. Èmi ò sunkún. Ọkàn tó bá gbé irú ẹrù tí tèmi gbé, kí ni kò ní jẹ́ kó fẹ̀? Mo fẹ́ tú ẹrù náà síta kí wọ́n tó sin ín mọ́ mi. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé bàbá àgbà yìí ṣeun tó jẹ́wọ́. N kò ṣeun. Ó ti pẹ́ jù.

Ohùn kan ló lé mi jáde. Ní oṣù tó kọjá, Súmbọ̀ gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi lórí ẹní, ó ní, "Bàbá, ìyá Zikrullah ló fi ohùn ránṣẹ́ sí yín láti Ìdímù." Àdíját ni, tó ń ta karosíìnì lẹ́bàá ọ̀nà nígbà tí mo wà nílé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Rẹfirí, mo gbọ́ pé ara yín ò yá. Ẹ má mikàn. Kò sí ìrun tí mo kí tí mi ò dárúkọ yín. Ẹ̀yin lẹ gbé orí ọmọ mi lé àyà lọ́jọ́ yẹn. Báyọ̀dé burúkú yẹn tún wá lọ́jọ́ Iléyá, ó gbé ẹran wá. Mo da ẹran náà sí gọ́tà lójú ẹ̀. Mo ní èyí tó jẹ lára ọmọ mi kò tíì yó o ni?" Lẹ́yìn ohùn tirẹ̀, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń fà bí ti ọmọdé tí wọ́n jí lójú oorun: "Ẹ káàbọ̀, sà." Ó tún wí i. "Ẹ káàbọ̀, sà." Àdíját rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ ẹ̀ gbọ́ Zikru? Òun náà ń kí yín. Ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹ́ kù sí i lẹ́nu náà nìyẹn, gbogbo ayé ló ń kí káàbọ̀." Mo ní kí Súmbọ̀ pa fóònù. Ó ní, "Bàbá, kí ló dé?" Mo ní, "Pa á, jàre!" Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jẹun yó. Obìnrin kan ń fi orúkọ mi bẹ Ọlọ́run, ó sì ń fi orúkọ Báyọ̀dé ṣépè, bẹ́ẹ̀ èmi ló yẹ kó ṣépè fún.

Kí ẹ lè mọ irú ẹ̀dá tí mo jẹ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara Báyọ̀dé yìí. Èmi àti ẹ̀ jọ kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lábẹ́ kóòṣì kan náà ní àdúgbò Pleasure, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, òun jù mí lọ lẹ́ṣẹ̀ẹ́. Wọ́n ní kí àwa méjèèjì jà lọ́jọ́ kan lójú èrò. Ó lù mí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò ṣubú. Rẹfirí ọjọ́ náà kàn wọ àárín wa, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní ó ti tán. Mo ń sáré káàkiri ríìngì, mo ń ké, "Mo ṣì dúró! Ẹ wò mí, mo ṣì dúró!" Báyọ̀dé kò jẹ́ kí igbe yẹn kú. Bí mo bá wọ ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Ẹgbẹ́dá, yóò ti ìjókòó rẹ̀ pariwo, "Ẹ fún Mo-Ṣì-Dúró ní àga o, ó ti dúró tó!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Súmbọ̀ wà ní kékeré, ó bi mí ìdí tí wọ́n fi ń pè mí bẹ́ẹ̀, mo sì purọ́ fún un pé oríkì àwọn alágbára ni. Ẹlẹ́gàn ni Báyọ̀dé, kò mọ ibi tí ẹ̀fẹ̀ ti ń di ọgbẹ́. Mo kórìíra rẹ̀. Kí n má tan yín, mo ṣì kórìíra rẹ̀ díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ pé ó ṣe, kò ṣe é.

Nígbà tí mo di rẹfirí, òun di kóòṣì. Ó gba ilẹ̀ kan lẹ́yìn ọjà Ìdímù, ó so àpò iyanrìn kọ́ sára igi máńgòrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́. Ibẹ̀ ni Zikrullah ti jáde. Wẹ́dà ni ọmọ náà, iná ti ta sí i lápá káàkiri. Àdíját nìkan ló tọ́ ọ, ó sì tọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti rí i tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún alága ẹgbẹ́ akànṣẹ́ wa tòun ti ìbọ̀wọ́ ìjà lọ́wọ́ méjèèjì, tí ìyókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Alfa, ṣé o wá jà ni àbí o wá kí wa?" Bí ó bá wọ ríìngì tán, kò sí Alfa mọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ yára bí ahọ́n ejò. Gbogbo wa mọ̀ pé bí ẹnì kan yóò bá ti ìjọba ìbílẹ̀ Alimọ́ṣọ́ wa gba bẹ́líìtì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òun ni. Ó kàn jẹ́ pé ọwọ́ Báyọ̀dé ló ti jáde ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun kan nípa iṣẹ́ wa, nítorí ibẹ̀ ni mo ti fa ọ̀bẹ yọ. Bí akànṣẹ́ bá ṣubú tó sì dìde, rẹfirí yóò kà dé ẹẹ́jọ, yóò wá wo ẹyinjú rẹ̀. Ojú ló ń sọ bóyá ọpọlọ ṣì wà nílé. Akànṣẹ́ tí kò bá lè wo rẹfirí lójú, ìjà rẹ̀ ti parí, kò sì sí ẹni tó lè bá rẹfirí ṣẹjọ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí láàárín ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé àti òfin yìí kì í gbé pọ̀. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, bí àgbà bá fi ohùn líle pè é, ilẹ̀ ni yóò wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń múra, màá ní, "Bí mo bá kà fún ẹ lónìí, ojú mi ni kí o wò o. Má wo ilẹ̀. Wíwò mí lójú kì í ṣe àrífín lónìí." Kò sí ọmọ tí mo bójú tó ìjà rẹ̀ rí tí n kò sọ ọ́ fún, àfi ẹyọ kan. Ó ti dà bí bísímílà lẹ́nu mi.

Lọ́dún 2009, wọ́n mú Zikrullah àti ọmọ àdúgbò Command kan tó ń jẹ́ Olúwadọ̀tun kí wọ́n jà ní gbọ̀ngàn kan ní Ẹgbẹ́dá. Ẹni tó bá borí ni yóò lọ sí Accra láti du bẹ́líìtì náà. Mo kọ́kọ́ lọ bá Dọ̀tun, mo sọ ọ̀rọ̀ mi fún un, ó ní, "Yẹ̀sá." Mo wá ṣílẹ̀kùn yàrá kejì. Zikrullah dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Báyọ̀dé tó ń di báńdéèjì fún un yíjú padà. "Háà! Mo-Ṣì-Dúró fúnra ẹ̀! Zikru, sáré wá àga fún wọn!" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbá ògiri. Zikrullah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ yé e, ẹ jọ̀ọ́. Bàbá ni wọ́n." Ẹ̀yin ènìyàn, ọmọ náà gbèjà mi. Ìgbèjà rẹ̀ sì dùn mí ju èébú ọ̀gá rẹ̀ lọ, àbí irú ọkàn wo nìyẹn? Mo wò ó, mo ní, "Ó dáa," mo sì pa ilẹ̀kùn dé. Ọ̀rọ̀ tí mo wá sọ, n kò sọ ọ́.

Dọ̀tun kò rí ibi kan gbá mú lára Zikrullah lọ́jọ́ náà. Ní ráòǹdù karùn-ún, ẹsẹ̀ Zikrullah yọ̀ lórí omi tí wọ́n dà sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ìgbà tó ń yọ̀ lọ ni ẹ̀ṣẹ́ kan fi kàn án lórí. Ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀, ìyẹn sì ti di ṣíṣubú nínú òfin wa. Ó dìde lójú ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere bí omi kànga, mo rí i kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo kà dé ẹẹ́jọ. Mo wá jágbe mọ́ ọn bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ jà, mo ní, "Wò mí!" Ó ṣe ohun tí mo mọ̀ pé yóò ṣe. Ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó dorí kodò, ó ń wo bàtà mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo ní ó ti tán. Kí ẹ má rò pé wọ́n fún mi ní rìbá. Bí ó bá jẹ́ rìbá ni, olè lásán ni n bá jẹ́. Ìrora Báyọ̀dé ni mo fẹ́ rí, mo sì rí i. Zikrullah kò bínú. Ó dì mí lápá aṣọ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, ó ní, "Bàbá, kí ni mo ṣe? Ẹ sọ fún mi kí n lè tọrọ àforíjì."

Gbọ̀ngàn dàrú. Wọ́n ń ju àga, wọ́n ń ké, "Olè! Ojú ẹ á fọ́!" Báyọ̀dé gun orí tábìlì, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ oníròyìn rédíò kan, ó sọ ọ̀rọ̀ tó padà wá so ó rọ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún Mo-Ṣì-Dúró: lọ́jọ́ mìíràn, àfi kí ọmọ mi kú sínú ríìngì kó tó dá ìjà ẹ̀ dúró!" Gbogbo Alimọ́ṣọ́ gbọ́ ọ. Láti ìgbà náà, mi ò lè ra búrẹ́dì ní Ìkọ̀tún láìjẹ́ pé ẹnì kan na ọwọ́ méjèèjì sókè lẹ́yìn mi. Ẹ rántí? Ẹ̀yin ni o. Ẹ̀yin kan náà tí ẹ ń pè mí ní olè nítorí pé mo dá ìjà dúró, ẹ̀yin náà lẹ padà wá jókòó síwájú ní Ìgándò, tí ẹ ń ké, "Jẹ́ kí wọ́n jà!"

Ariwo yín ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa ní kí wọ́n tún ìjà náà jà ní Ìgándò lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lórí pápá ilé-ìwé kan, ní ọ̀sán ọyẹ́. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ pààrọ̀ mi. Báyọ̀dé ló kọ̀. Ó ní, "Òun gan-an ni mo fẹ́. Kó wá fojú ara ẹ̀ rí i." Nígbà tí mo wọ yàrá ìmúra, Zikrullah kò dìde, kò kí mi. Ó tẹjú mọ́ mi gbọnrangandan. Báyọ̀dé ti kọ́ ọ. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Zikru. Wò ó. Wò ó dáadáa." Ẹ̀kọ́ tí èmi kọ̀ láti sọ fún un pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, wọ́n ti fi ìkórìíra kọ́ ọ. Mo sì rò ó nínú ara mi bí mo ṣe ń gun àkàbà: ẹ ní mò ń tètè dá ìjà dúró, àbí? Ó dáa. Lónìí, ẹ óò jà títí.

Dọ̀tun ti gbọ́n sí i. Ó ń lu ọmọ náà níhà kí ọwọ́ rẹ̀ lè wálẹ̀, bí ọwọ́ bá ti wálẹ̀, orí á ṣí sílẹ̀. Àmọ́ Zikrullah kò sá. Bí ẹ̀ṣẹ́ bá kàn án, yóò kọ́kọ́ wá ojú mi kiri, yóò wò mí, kó tó dá ẹ̀ṣẹ́ padà. Ìgbà tó ń wò mí ni Dọ̀tun tún fi ń rí ọ̀nà. Kó yé yín o: nítorí ohun tí mo ṣe fún un lọ́jọ́sí ló fi ń jẹ ìyà náà. Mo rí i. Ó yẹ kí n dá a dúró ní ráòǹdù kẹfà, imú rẹ̀ ti wọ́, etí rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Mo ń wo Báyọ̀dé nísàlẹ̀. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti ń yí padà, pé kò pariwo mọ́, mo sì gbádùn rẹ̀. Ọlọ́run gbọ́ mi, mo gbádùn rẹ̀.

Ní ráòǹdù keje, Zikrullah ṣubú sí kọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Báyọ̀dé gun ẹ̀gbẹ́ ríìngì, ó ki orí bọ àárín okùn, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí mi. Èrò ń hó, jẹnẹrétọ̀ ń dún, kò sí ẹlòmíràn tó lè gbọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n Àmúsà, ó tó. Ẹ bá mi dá a dúró. Èmi ni mo bú yín, kì í ṣe òun. Màá wá dọ̀bálẹ̀ ní iwájú ilé yín, gbogbo Ẹgbẹ́dá á rí mi. Ẹ bá mi dá a dúró!" Kò pè mí lẹ́gbọ̀n-ọ́n rí láyé. Nínú òfin wa nígbà náà, tówẹ̀lì tí kóòṣì bá jù sínú ríìngì láti ní ó tó kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹnu rẹfirí nìkan ló lè dá ìjà dúró, òun náà mọ̀, ìdí tó fi ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Mo ń kà lọ. Mo fi ẹsẹ̀ ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí okùn. Mo ní, "Ṣebí o ní àfi kó kú?" Àwọn ọmọọṣẹ́ tó ń ṣọ́ ríìngì fà á sísàlẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń jà pẹ̀lú wọn, ó ń ké. Àwọn èrò rò pé ó ń kìlọ̀ fún mi kí n má dá ìjà dúró ni. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Zikrullah dìde. Mo dé ẹẹ́jọ. Mo wo ojú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo ti ń sá láti ìgbà náà. Gbogbo ìjà yẹn ló fi ń wò mí bí ọ̀tá, ṣùgbọ́n nígbà tó dìde yìí, ọ̀tẹ̀ ti tán lójú rẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ kan ti fẹ̀ ju èkejì lọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ méjèèjì, bí ọmọ tí àlejò bá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Màmi ò tíì dé láti ìsọ̀." Àwọn èrò rí i tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Ẹnì kan ké pé, "Alfa, kí i dáadáa!" Èmi nìkan ló gbọ́ ohun tó sọ. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ọmọ náà kò sí ní Ìgándò mọ́. Ọwọ́ mi ti ń gbéra láti na sókè. Mo sì gbọ́ ohùn kan láti ẹ̀yìn tó ní, "Mo-Ṣì-Dúró, o tún fẹ́ jalè?" Mo fi ṣẹ́ẹ̀tì mi nu ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì, bí rẹfirí ti ń ṣe kí ìjà tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo sún sẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ jà!"

Kò gbé ọwọ́ sókè. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Dọ̀tun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. N kò ní sọ ìyókù. Dọ̀tun kò jẹ̀bi, wọ́n ní kó jà, ó jà. Mo sáré gbé orí Zikrullah lé àyà nígbà tó ti ṣubú tán, èyí sì ni Àdíját bá nígbà tó ti àárín èrò já wọlé. Ó rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ lára aṣọ funfun mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi í sílẹ̀." Mo gba ọpẹ́ náà.

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa pè wá láti wádìí ọ̀rọ̀, mo sọ pé mo bi Zikrullah bóyá ó lè jà, ó sì dá mi lóhùn dáadáa. Mo sọ pé mo fẹ́ dá a dúró, pé Báyọ̀dé ló gun ríìngì tó ní bí mo bá tún dán an wò, òun yóò tú ríìngì ká. Báyọ̀dé fò dìde, ó ní, "Irọ́ ni! Mo bẹ̀ ẹ́! Mo pè ẹ́ lẹ́gbọ̀n-ọ́n!" Alága rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ Báyọ̀dé? Ìwọ lo pe Àmúsà lẹ́gbọ̀n-ọ́n?" Wọ́n tẹ ohùn tó sọ lórí rédíò fún un gbọ́. Ó jókòó pa dà. Wọ́n lé e kúrò nínú iṣẹ́ kóòṣì títí ayé. Àwọn ará Ìdímù gé àpò iyanrìn rẹ̀ lulẹ̀, wọ́n ń pè é ní Afọmọṣòwò. Òun, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàwàdà mọ́. Èmi kó ẹrù mi wá síbí lọ́dún kejì, mo sọ fún àwọn ènìyàn pé ara ló ń ro mí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wọ aṣọ rẹfirí lónìí, n kò ní ọgbọ́n tí mo fẹ́ fi kọ́ yín, nítorí mo mọ gbogbo òfin iṣẹ́ yìí lọ́jọ́ tí mo ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Bí ẹ bá rí i pé ẹnì kan wà ní kọ̀rọ̀ kan tí ẹ fẹ́ rí ìrora rẹ̀, ẹ má gun ríìngì náà. Bí ẹ bá ti gùn ún, tí akànṣẹ́ sì kí yín láàárín ìjà, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má wo èrò. Ẹ dá a dúró, kí wọ́n pè yín lólè.

Àdíját, Súmbọ̀ ni yóò ka èyí sí ọ létí. Yọ orúkọ mi kúrò nínú ìrun rẹ. Bí ó bá wù ọ́ kí o dárí jì mí, má tíì ṣe é. Jẹ́ kó kẹ́yìn. Kọ́kọ́ wọ ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ tó dára, mú Zikrullah lọ́wọ́, kí ẹ lọ sílé Báyọ̀dé ní ọ̀sán gangan kí àdúgbò rí yín. Sọ fún un pé Àmúsà ní òótọ́ ni, ó bẹ̀ mí, ó pè mí lẹ́gbọ̀n-ọ́n, mo sì gbọ́ ọ. Bí ó bá ṣílẹ̀kùn, Zikrullah yóò kí i. Má fà á sẹ́yìn, má sọ pé àìsàn ni. Jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ kó kí i dáadáa. Ìkíni yẹn, Báyọ̀dé ló ni ín.